Láti Orí Pèpéle Àpérò dé Ojú Ìwé Jọ́nà: Ìwádìí lórí Ohun tí ó Ń Di Bárakú àti Gbèsè tí a Jẹ Ṣómólú àti Bàrígà

1.0 ÌFÁÀRÀ

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn tí onímọ̀ bá ti kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àpérò. Mélòó nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń di àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà? Irú èwo ni ó ń tètè dé ibẹ̀? Irú èwo ni ó ń sọnù sí ojú ọ̀nà? Ìwádìí lórí oògùn olóró, ọtí àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó máa ń di bárakú fún ènìyàn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ju ti iye lọ. Iṣẹ́ tí ó ń sọnù kò jọ iṣẹ́ tí ó ń dé ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka èyí tí ó dé ilé nìkan yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà mọ̀.

Ohun méjì ni ó mú kí a so àlàyé yìí mọ́ Ṣómólú àti Bàrígà. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ oògùn olóró kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìwádìí àpapọ̀ ti 2018, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò ní Nàìjíríà, àjọ CRISA àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a ń pè ní UNODC jọ ṣe, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019, fi hàn pé ìdá 14.4 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó ti lo oògùn olóró kan tàbí òmíràn láàárín ọdún kan ṣoṣo. Iye àwọn ènìyàn náà tó mílíọ̀nù 14.3. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìdá 33 nínú 100 ni wọ́n kà. Ìgbó ni ó gba iwájú ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn oògùn ìrora bíi tramadol àti omi ikọ́ tí ó ní codeine nínú sì tẹ̀ lé e.

Èkejì ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tí ó bá mọ Èkó yóò mọ Ṣómólú mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní Ṣípéolú àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, àwọn òǹtẹ̀wé ń tẹ káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ àti ìwé kíkà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó yà títẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà sọ́tọ̀ kúrò lára sísọ ọ̀rọ̀ di ìmọ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sí àdúgbò tí ó yẹ kí a ti sọ ọ́ ju èyí lọ.

2.0 ÌYÀTỌ̀ LÁÀÁRÍN TÍTẸ̀ ÀTI GBÍGBÉ JÁDE

Kí a tó máa ka iye, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń kà. Bí olùwádìí bá fẹ́ lọ sí àpérò, yóò kọ́kọ́ fi àṣamọ̀ ránṣẹ́. Àṣamọ̀ ni iṣẹ́ náà ní ṣókí: ohun tí a wádìí, àwọn tí a bi léèrè, ohun tí a rí, àti ohun tí ó túmọ̀ sí. Ìgbìmọ̀ àpérò yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì fún un ní àyè. Ní ọjọ́ àpérò, olùwádìí yóò sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, àwọn olùgbọ́ yóò bi í ní ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta, alága yóò ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì bọ́ sí orí pèpéle. Gbogbo àwọn àṣamọ̀ náà ni a máa ń dì pọ̀ mọ́ ìwé kan tí a ń pín fún àwọn tí ó bá wá.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú lè parí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò gé e, yóò lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì kó o fún ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò tí ì mú ìwádìí tí ó wà nínú rẹ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Kò sí ẹni tí ó yẹ odidi iṣẹ́ náà wò. Ẹni tí kò wá sí àpérò kò ní ìwé náà lọ́wọ́, ẹni tí ó sì wá lè ti sọ tirẹ̀ nù kí ọdún tó yípo.

Ọ̀nà mìíràn ni ti jọ́nà. Olóòtú yóò fi odidi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Wọn yóò béèrè bí a ṣe yan àwọn tí a bi léèrè. Wọn yóò béèrè ìdí tí iye àwọn tí ó parí ìtọ́jú fi kéré sí iye àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ohun tí ó gbé àwọn yòókù lọ. Olùwádìí yóò dáhùn, yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá jáde, ilé ìkàwé yóò tọ́jú rẹ̀, yóò ní nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ti ojú ìwé, ẹni tí a kò tí ì bí ní ọjọ́ àpérò yóò sì lè kà á, yóò lè gbè é lẹ́yìn tàbí kí ó takò ó. Ìyípadà yìí, láti àṣamọ̀ sí àpilẹ̀kọ, ni ohun tí a fẹ́ kà.

3.0 BÍ A ṢE Ń KA IYE TÍ Ó DÉ JỌ́NÀ

Ọ̀nà tí a ń gbà kà á rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe. A ó mú ìwé àṣamọ̀ àpérò kan tí ó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé a gbọ́dọ̀ fún àwọn olùwádìí ní àyè láti parí iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá ń fi àpérò èṣí ṣe ìdájọ́ dà bí ẹni tí ó ń pe ọmọ tí kò tí ì tó rìn ní arọ. Lẹ́yìn náà, a ó mú àṣamọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó nínú àkọlé wá àpilẹ̀kọ tí ó bá a mu. Bí a bá rí èyí tí ó jọ ọ́, a ó fi wọ́n wé ara wọn: ṣé ìbéèrè kan náà ni? Ṣé àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n bi léèrè? Ṣé iye wọn bára mu?

Ibi mẹ́rin ni olùkà ti lè ṣìnà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Obìnrin tí ó ka bébà ní àpérò lè ti lọ ilé ọkọ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní iwájú lórí àṣamọ̀ sì lè wà ní ìkẹyìn lórí àpilẹ̀kọ. Ìkejì ni àkọlé, tí olóòtú lè yí padà pátápátá. Ìkẹta ni pé àṣamọ̀ méjì lè di àpilẹ̀kọ kan, kí ọ̀kan sì pín sí méjì. Ìkẹrin, èyí tí ó kàn wá jù, ni ibi tí a ti ń wá a. Àwọn àkójọ atọ́ka bíi Medline kò kó gbogbo jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ra. Láti 1998 ni African Journals Online ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ wa jọ sí ojú kan, síbẹ̀ àwọn jọ́nà kan wà tí ó jẹ́ pé orí pẹpẹ ilé ìkàwé nìkan ni a ti lè rí wọn. Ẹni tí ó bá fi Medline nìkan wá iṣẹ́ tí a ṣe ní Bàrígà lè sọ pé kò sí ohun tí ó wà ní ilé ìkàwé Akọka, tí kò sì ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láti Bàrígà. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti wá iṣẹ́ kí a tó gba iye tí wọ́n bá sọ fún wa.

4.0 OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó TI KÀ Á RÍ

Ìṣirò tí ó gbòòrò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Roberta Scherer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jáde lábẹ́ àjọ Cochrane ní 2018. Wọ́n kó ìròyìn 425 jọ, tí àpapọ̀ àṣamọ̀ inú wọn jẹ́ 307,028. Onírúurú ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ni àwọn àṣamọ̀ náà ti wá. Ìdá 37.3 nínú 100 ni wọ́n rí tí ó di odidi àpilẹ̀kọ. Bí wọ́n bá fi ọdún mẹ́wàá ṣe òdiwọ̀n, ìdá náà ń gòkè dé 46.4. Èyí ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èyí tí ó ju ìdajì lọ kò tí ì rí ojú jọ́nà.

Ní ti ohun tí ó ń di bárakú gan-an, iṣẹ́ Simona Vecchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Róòmù, tí ó jáde ní 2009, ni ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Wọ́n mú àpérò ọdọọdún ti College on Problems of Drug Dependence, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1929. Wọ́n ka àwọn àṣamọ̀ àpérò náà láti 1993 dé 2002. Nínú àṣamọ̀ 5,919, wọ́n ṣa 581 tí ó jẹ́ ìdánwò ìtọ́jú, níbi tí a ti pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́, tí a fún ọ̀wọ́ kan ní ìtọ́jú tí a fẹ́ dán wò, tí a sì fi ọ̀wọ́ kejì wé e. Nínú 581 yìí, 359 ni ó di àpilẹ̀kọ, èyí tí í ṣe ìdá 62 nínú 100. Ó gbà wọ́n ní ọdún 2.6 ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó jáde. Èyí tí ó kù, 222, kò jáde.

Òǹkàwé lè béèrè pé, kí ló dé tí ti Róòmù fi jẹ́ 62 nígbà tí ti Cochrane jẹ́ 37? Ìyàtọ̀ náà kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú wọn ṣi iye kà. Irú iṣẹ́ tí wọ́n kà ni kò bára mu. Ìdánwò ìtọ́jú nìkan ni wọ́n kà ní Róòmù, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń jáde ju àwọn irú mìíràn lọ. Nínú ìṣirò ti Cochrane pàápàá, ìdánwò tí wọ́n fi ìbò pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́ dé ìdá 68.7 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iye kan ṣoṣo kò tó. A gbọ́dọ̀ béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n kà, ọdún tí wọ́n fi dúró, àti ibi tí wọ́n ti wá a.

5.0 ÀWỌN TÍ Ó SỌNÙ KÒ JỌ ÀWỌN TÍ Ó DÉ ILÉ

Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni iṣẹ́ kàn ń sọnù láìnídìí, bí ẹ̀wà tí ń jò láti inú àpò, kò ní burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tí ó kù nínú àpò yóò ṣì jọ èyí tí ó jò. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ Róòmù rí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìdánwò tí èsì wọn gbe ìtọ́jú tí wọ́n ń dán wò, ìdá 74.5 nínú 100 ni ó jáde. Nínú àwọn tí èsì wọn jẹ́ òfo, tàbí tí ó tako ìtọ́jú náà, ìdá 47.1 péré ni ó jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wo ohun tí èyí lè ṣe. Ká ní a dán ìtọ́jú kan wò ní ìgbà 200. Ní ìgbà 100, ó dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Ní ìgbà 100, kò ṣiṣẹ́. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀bọrọ́ ni ìtọ́jú náà: ìdajì-ìdajì. Bí a bá lo ìdá tí a mẹ́nu bà lókè, nǹkan bí 75 nínú àwọn tí ó gbè é ni yóò dé jọ́nà, nǹkan bí 47 nínú àwọn tí kò gbè é ni yóò sì dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìkàwé yóò bá àpilẹ̀kọ bí 122. Nínú rẹ̀, ìdá 61 nínú 100 yóò máa wí fún un pé ìtọ́jú náà dára. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú gbogbo àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí. Àwọn tí ó dákẹ́ ni ó sọ òtítọ́ di ohun tí ó wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1959, Theodore Sterling ti ṣàkíyèsí pé èsì tí ó gbe àbá olùwádìí ni ó ń kún inú jọ́nà. Ní 1979, Robert Rosenthal fi àwọn iṣẹ́ tí kò jáde wé bébà tí a há mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Kí a má ṣe rò pé èsì òfo kò wúlò. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní D.A.R.E., tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1983. Àwọn ọlọ́pàá ni ó ń lọ sí ilé-ìwé láti kìlọ̀ oògùn olóró fún àwọn ọmọ. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀, ìjọba sì ń náwó sí i. Ní 1994, Susan Ennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ jọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú jọ́nà pé ipa tí ètò náà ní lórí ìlò oògùn olóró láàárín àwọn ọmọ kéré gan-an. Nígbà tí ó yá, àwọn alákòóso ètò náà yí ẹ̀kọ́ wọn padà. Ká ní inú dúrọ́ọ̀ ni iṣẹ́ yẹn wà, àwa pẹ̀lú lè jí ní ọjọ́ kan kí a gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá sí àwọn ilé-ìwé girama ní Bàrígà, kí a náwó lé e, kí a sì máa dúró de èrè tí kò ní dé.

6.0 ÌDÍ TÍ IṢẸ́ FI Ń DÚRÓ SÍ ORÍ PÈPÉLE

Àwọn tí kò kọ iṣẹ́ wọn jáde ti sọ ìdí tí wọn kò fi kọ ọ́. Ní 2015, Scherer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdáhùn irú àwọn olùwádìí bẹ́ẹ̀ jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí. Ìdí tí ó gba iwájú ni àìráyè. Ìkọ̀sílẹ̀ olóòtú kò tó o. Nǹkan pàtàkì ni èyí. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a rò pé àwọn jọ́nà kọ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́ rárá.

Ní àyíká tiwa, a lè fi ìdí mẹ́ta kún un. Èkíní, àpérò ni ó ní ọjọ́ tí a dá. Àpilẹ̀kọ kò ní. Ọjọ́ àpérò ń bọ̀ bí ọjọ́ ìgbéyàwó, ènìyàn sì máa ń sáré pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí agogo tí ó ń lù fún ẹni tí ó ní àpilẹ̀kọ láti parí. Èkejì, àkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba oyè rẹ̀ tán lè má rí ìdí tí yóò fi padà sí orí iṣẹ́ náà mọ́, pàápàá bí ó bá ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ẹ̀kẹta, àwọn jọ́nà kan ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, owó náà sì lè ju agbára àkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àwọn tí ó sì ń gba owó láìyẹ iṣẹ́ wò ti wọ àárín wọn, tí wọ́n ń ta orúkọ jọ́nà fún ẹni tí ó ń wá ìgbéga.

A gbọ́dọ̀ fi òdodo kún un pé kò yẹ kí gbogbo bébà àpérò di àpilẹ̀kọ. Àwọn kan wà tí a kà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè sọ ibi tí ó kù sí fún wa, bí ìbéèrè wọn bá sì fi hàn pé ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró, àǹfààní ni àpérò ṣe wá. Nítorí náà, kí iye náà pé 100 nínú 100 kọ́ ni a ń fẹ́. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ó jẹ́ pé àléébù iṣẹ́ ni yóò dá a dúró, kí ó má ṣe jẹ́ èsì rẹ̀.

7.0 OHUN TÍ Ó KỌ́ WA NÍ ILẸ̀ YÌÍ

Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá 1961, Thomas Adéoyè Lambo pe àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà àti òkèèrè jọ sí Abẹ́òkúta, fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tú ká pẹ̀lú àwọn àlejò. Lambo ṣe olóòtú àwọn bébà náà, òǹtẹ̀wé ìjọba ní Ìbàdàn sì tẹ̀ wọ́n. Ní 1964, Tọ́lání Asuni, tí òun pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Àrò, kọ àpilẹ̀kọ lórí ìṣòro igbó ní Nàìjíríà sínú jọ́nà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń jẹ́ Bulletin on Narcotics. Nínú rẹ̀ ni ó ti so wíwọlé igbó sí ilẹ̀ wa mọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀. Ní 1965, Lambo kọ tirẹ̀ sínú jọ́nà kan náà, lórí ìṣòro oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àǹfààní rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ nípa igbó ní Èkó lónìí ṣì lè ka Asuni, kí ó mọ irú àwọn ènìyàn tí ó rí ní Àrò, kí ó gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì já a ní koro lórí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbọ̀ngàn kan ní 1964 ni, ìlú yóò ti gbàgbé rẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn mọ èyí. Isidore Obot, ẹni tí ó dá CRISA sílẹ̀ ní Jos, kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1993. Ní 2000, jọ́nà African Journal of Drug and Alcohol Studies bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ṣe ìwádìí lórí páragà ní ibùdókọ̀ tàbí tramadol láàárín àwọn awakọ̀ ní ilé tí ó lè gbé e lọ ní Áfíríkà níhìn-ín, lọ́dọ̀ àwọn olóòtú tí kò ní béèrè ohun tí páragà jẹ́.

8.0 GBÈSÈ TÍ Ó WÀ NÍ ỌRÙN WA

Bí ìwádìí bá ti wà nínú jọ́nà, kí ni yóò ṣe fún ẹni tí ó ń gbé ní Bàrígà? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìwádìí àpapọ̀ ti 2018 sọ pé ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tí ó lo oògùn olóró ni ìlò náà ti di àrùn fún. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ ní Yábàá, tí ó ti wà láti 1907, kò jìnnà sí wa. Dókítà tí ó wà níbẹ̀ kò lè wá sí gbogbo àpérò. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera kékeré kò ní ìwé àṣamọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a kọ jáde ni wọ́n fi ń yan ìtọ́jú. Bí ìtọ́jú kan kò bá ṣiṣẹ́, tí ẹni tí ó dán an wò sì dákẹ́, ọmọ ẹlòmíràn ni a ó tún fi dán an wò. Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìkìlọ̀ yìí kan onímọ̀ tí ó ní èsì òfo lọ́wọ́ tí ó sì há a mọ́ dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà ńkọ́? Ní òpin oṣù kẹrin 2018, BBC gbé fíìmù kan jáde nípa omi ikọ́ tí ó ní codeine ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fòfin de ṣíṣe irú omi ikọ́ bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọ ìlú. Ohun tí ó hàn sí gbangba ni ìjọba ń gbọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù kò lè sọ bóyá òfin náà mú kí àwọn ọ̀dọ́ jáwọ́ ni, tàbí ó kàn mú kí wọ́n yí sí nǹkan mìíràn. Ìwádìí ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá jáde.

Ìgbèsẹ̀ kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Àdúgbò tí ó bá súnmọ́ yunifásítì ni àwọn àkẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ gbé ìbéèrè lọ, Bàrígà àti Ṣómólú sì ni ó súnmọ́ Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Ọmọkùnrin tí ó jẹ́wọ́ fún olùwádìí pé òun ń mu igbó fi ara rẹ̀ wewu, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà lè kó o sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìyá tí ó sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ta ohun èlò ilé tú àṣírí ìdílé rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ nítorí pé a ní yóò ṣe àwọn ẹlòmíràn ní àǹfààní. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá parí sí orí pèpéle, tí àǹfààní náà kò sì kọjá ìwé ẹ̀rí àpérò tí olùwádìí gbà, a ti jẹ wọ́n ní gbèsè.

9.0 ÀBÁ ÀTI ÌGÚNLẸ̀

Ohun mẹ́rin ni a rò pé ẹ̀ka wa lè ṣe láìdúró de owó ẹnikẹ́ni. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí a ó máa kọ gbogbo bébà tí ọmọ ẹ̀ka yìí bá kà ní àpérò sí. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nítorí pé ọdún 2.6 ni ìpíndọ́gba tí a rí ní Róòmù, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a ó fi mọ iye tiwa. Lẹ́ẹ̀kejì, kí orúkọ ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ náà wà nínú àkọlé. Àpilẹ̀kọ tí ó ní Bàrígà lórí rọrùn láti wá rí ju èyí tí ó kàn sọ pé ìlú ńlá kan ní Áfíríkà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ tí ó ń darí iṣẹ́ àkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ kí ó hàn gbangba pé èsì òfo tí a ṣe dáadáa kò dín iyì oyè kù.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé kí a kọ ojú ìwé kan ní èdè Yorùbá lórí ìwádìí kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe ní àdúgbò yìí, kí a sọ ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí, kí a sì pín in fún àwọn tí ó dá wa lóhùn. Ojú ìwé kan kò lè rọ́pò àpilẹ̀kọ jọ́nà. Jọ́nà ni yóò mú ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà àti ìjọba. Ojú ìwé yìí ni yóò mú un padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò wọ́n, àwọn tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ wà ní Ṣómólú.